Ọjọ́ Tí Ọkọ̀ Ìjọba Kò Fọn Fèrè ní Màkún-Omi

Aládùúgbò mi kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbí ra ẹ̀rọ amúnáwá láìpẹ́ yìí. Kì í ṣe irú èyí tó ń rọra kùn tí wọ́n ń rà lóde òní. Ògbólógbòó ẹ̀rọ onídísẹ̀lì ni, tó ń dún gbì, gbì, gbì, bí àgbàlagbà tó ń wúkọ́ lójú oorun. Lówùúrọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ tàn án, òjò ti rọ̀ mọ́jú, èéfín ẹ̀rọ náà kò rí ojú ọ̀run gùn, ó wá gba ojú fèrèsé mi wọlé wẹ́rẹ́. Mo ń mu tíì lọ́wọ́. Mo gbé ife kalẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ní àwọn fẹ́ lọ bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ pé ariwo yìí ti pọ̀ jù. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ẹnu yà wọ́n, nítorí gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé mi ò kì í gbà fún ẹnikẹ́ni.

Wọn ò mọ̀ pé mi ò sí nínú ilé mọ́. Mo ti wà lórí pákó èbúté Màkún-Omi, nínú kùrukùru ọyẹ́, mo wọ aṣọ ilé-ìwé tuntun, mo sì ń gbọ́ ìró ọkọ̀ ìjọba lọ́ọ̀ọ́kán.

Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni ọkùnrin kan tó ń ṣe olùkọ́ ní Abigi wá kí mi. Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, mo fẹ́ràn ìyẹn. Ó ní ìjọba ti ṣèlérí láti tún èbúté wa kọ́, àwọn ọ̀dọ́ ìlú sì fẹ́ kí n kọ ìtàn àwọn ọkọ̀ àtijọ́ ní ṣókí. “Màmá, ẹ̀yin lẹ kàwé jù nínú àwọn tó kù.” Mo rẹ́rìn-ín. Bí ènìyàn bá ti pẹ́ láyé tó, bó ti wù kó rí, yóò di ẹni tó kàwé jù, nítorí àwọn tó kàwé jù ú lọ yóò ti kú. Ó wá fi kún un pé orúkọ ọ̀gá èbúté àtijọ́ ni wọ́n fẹ́ kọ sára èbúté tuntun náà, nítorí òun ló mú ọkọ̀ ìjọba wá sílùú.

Mo ní, “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Òun náà ló máa ń sọ ọ́ nígbà ayé rẹ̀, ma.”

Mo ní ó dáa, màá kọ ọ́. Ohun tí mo kọ lẹ ń kà yìí. Mi ò ní dárúkọ ọ̀gá náà, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ wà láyé, wọn kò sì ṣẹ̀ mí. Oníkóòtù là ń pè é nígbà tí a wà lọ́mọdé, nítorí pé nínú ooru tó ń mú kí ajá máa mí hẹlẹhẹlẹ, kóòtù dúdú ni yóò wọ̀, yóò di gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀. Oníkóòtù náà ni màá máa pè é.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú irọ́ àkọ́kọ́ kúrò lọ́nà. Kì í ṣe Oníkóòtù ló mú ọkọ̀ ìjọba wá. Àwọn bàbá wa sọ fún wa pé ọkọ̀ àwọn òyìnbó oníṣòwò ló kọ́kọ́ ń gba ojú ọ̀sà wa kọjá, wọn kì í sì í dúró lọ́dọ̀ wa àfi tí wọ́n bá rí ohun tí wọ́n fẹ́ rà. Nígbà tó yá, ìjọba kó ọkọ̀ tirẹ̀ jáde, ó ní kí wọ́n máa ti Èkó bọ̀, kí wọ́n ya Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n máa ya àwọn ìlú etí ọ̀sà lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé ilẹ̀ àwọn Ìlàjẹ, kí wọ́n sì gba ojú ọ̀nà kan náà padà. Kò sí títì mọ́tò tó dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà. Omi ni títì wa. Ìgbà tí èbúté ti wà, tí pákó rẹ̀ ti ń gbó, ni wọ́n tó rán Oníkóòtù wá pé kó wá máa ṣọ́ ọ.

Mẹ́ta ni àwọn ọkọ̀ tí èmi mọ̀. Ìjọba fún wọn ní orúkọ gidi, wọ́n fi ọ̀dà dúdú kọ ọ́ sí iwájú wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń pe orúkọ yẹn. Ìyálé là ń pe èyí tó tóbi jù, nítorí pé ó ti dàgbà, ariwo rẹ̀ pọ̀, òun ló sì ń ru gbogbo ẹrù wúwo: sìmẹ́ǹtì, iyọ̀, kẹrosíìnì àti páànù. Bó bá ń padà lọ, ẹja yíyan, àgbọn, ẹní àti gààrí ni yóò kó. Ìyàwó ni èkejì, funfun báláú, ìjókòó onípákó dídán wà nínú rẹ̀, àwọn èrò ló sì ń gbé. Èyí tó kéré jù ni Ìránṣẹ́. Òun ló ń kó lẹ́tà, òun náà ló sì ń gbé nọ́ọ̀sì tó ń gún wa lábẹ́rẹ́. Bí àwa ọmọdé bá ti rí i pé òun ni, inú igbó là ń gbà.

Bí wọ́n bá tún Ìyàwó kùn, tó kọ́kọ́ padà wálé, àwọn àgbà máa ń gbàdúrà sí i. Wòlíì ìjọ wa yóò wá pẹ̀lú agogo àti imọ̀ ọ̀pẹ, àwa ọmọ ìjọ yóò tẹ̀ lé e nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà. Lẹ́yìn tirẹ̀ ni Àlùfáà Sàlámì yóò wá ka tirẹ̀, yóò sì wọ́n omi tí wọ́n fi fọ wàláà sí iwájú ọkọ̀. Bàbá tó ń tu Ìyàwó, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Atukọ̀, yóò dúró, yóò máa jẹ orógbó, yóò ṣe àmín sí méjèèjì. Ó ní ọ̀sà kì í béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ènìyàn kó tó gbé e mì.

Ìtàn mi kò ní yé yín bí ẹ kò bá mọ bí a ṣe ń wọkọ̀ ní Màkún-Omi. Ọkọ̀ náà ní ọjọ́, ṣùgbọ́n kò ní wákàtí. Afẹ́fẹ́ lè dá a dúró, ẹrù lè dá a dúró. Fèrè ni aago wa. Bí Ìyàwó bá ti yọ níbi igbó ìko tí omi ti ṣẹ́ kọ́nà, Bàbá Atukọ̀ yóò fọn fèrè kan tó gùn, tó ń dún lọ bí ẹni ń pe ènìyàn láti òdìkejì odò. Nígbà náà ni obìnrin tó ń yan gààrí yóò parí agbada rẹ̀, ẹni tó ń wẹ̀ yóò fomi ṣan ọṣẹ kúrò lára, kò sì sí ẹni tí yóò sáré. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ní láti já ẹrù, kí wọ́n sì di òmíràn. Nígbà tí wọ́n bá fi máa fọn fèrè kúkurú, gbogbo ọmọ ìlú á ti jókòó.

Nítorí náà, ọmọ Màkún-Omi kan kì í lọ jókòó ti èbúté kí fèrè tó dún. Àlejò ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìtìjú ni. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé ọgbọ́n ẹnì kan kò tó, wọ́n á ní, “Fi í sílẹ̀, ó ń jókòó ti èbúté.” Ẹ má sì gbàgbé pé àwọn ọkọ̀ tó ń fa gẹdú a máa kọjá lójoojúmọ́, ìró ẹ́ńjìnnì wọn kò sì yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ ìjọba. Fèrè nìkan la fi ń mọ tiwa.

Ìyá mi kì í ṣe ọmọ omi. Ìjẹ̀bú-Igbó yìí ni wọ́n bí i sí, láàárín oko kòkó, ó sì bẹ̀rù ọ̀sà títí ó fi kú. Bó bá fẹ́ rìnrìn-àjò, ilẹ̀ kò ní tíì mọ́ tán tí yóò fi gbé ẹrù rẹ̀ lọ sí èbúté, yóò fi gèlè gbàjá, yóò sì jókòó lórí ẹrù náà bí adìyẹ tó ń sàba. Ojú máa ń tì mí. Bàbá mi, tó jẹ́ káfíńtà, tó sì jẹ́ ọmọ ìlú, máa ń gba ẹ̀yìn ilé bó bá gbọ́ pé ìyàwó òun tún ti lọ jókòó.

Ẹni tó ń fi ìyá mi ṣe yẹ̀yẹ́ jù lọ ni Sìkírátù, ọmọ Àlùfáà Sàlámì, ọ̀rẹ́ mi.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ Sìkírátù fún yín? Ó ga jù mí lọ. Ó lè dúró ṣánṣán nínú ọkọ̀ onígi kó máa fi àjẹ̀ wà á, nígbà tí èmi á di etí ọkọ̀ mú bí ẹni tó di ìyá rẹ̀ mú. Òórùn èéfín ẹja kì í kúrò nínú irun rẹ̀, títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn náà lọ́jà, mo máa ń yíjú. Ó mọ kéú lórí, ó sì tún mọ ìṣirò jù mí lọ, èyí tí mi ò fẹ́ràn. Lọ́jọ́ ìsinmi, nítorí pé a kì í wọ bàtà wọ ilé ìjọsìn tiwa, òun ló máa ń bá mi di bàtà mi mú níta. Bí mo bá jáde, màá bá a tó wọ̀ ọ́ sẹ́sẹ̀, tó ń rìn káàkiri bí ìyàwó akọ̀wé. “Ọlọ́run yín mà ṣe mí lóore,” ló máa ń wí. Lọ́jọ́ Iléyá, èmi náà á lọ gbẹ̀san lára ẹran wọn.

“Ìyé ẹ tún ti lọ jókòó!” Bó ṣe máa ń pariwo rẹ̀ láti ojú ọ̀nà nìyẹn. “Sọ fún wọn pé ọkọ̀ ọ̀hún kì í jí èèyàn gbé o!” Ìyá mi á ní, “Sìkírá, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọkọ̀ á fi ẹ́ sílẹ̀.” Àwa méjèèjì á rẹ́rìn-ín títí inú á fi máa ta wá. Ìyá mi kò gbé e sí èpè. Àwàdà lásán ni.

Àwa méjèèjì la jọ ṣe ìdánwò, àwa méjèèjì la sì yege sí ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin kan ní Àgọ́-Ìwòyè. Kò tíì sí ọmọbìnrin kankan tó ti ìlú wa lọ irú ibẹ̀ rí. Ní ti èmi, kò sí ẹni tó bá bàbá mi jiyàn. Ní ti Sìkírátù, àwọn ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àlùfáà kò ní jẹ́ kó lọ, pé ó ti rí ọkọ fún un. Àwọn ará ìjọ tiwa ló ń sọ ọ́ jù, kí n má purọ́ fún yín, wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n bá a débẹ̀. Àlùfáà kò dá wọn lóhùn. Ẹja ló ń yan, wàláà ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Ìwé tí ilé-ìwé fi ránṣẹ́ sọ ọ́ kedere pé ọmọ tí kò bá dé lọ́jọ́ ìwọlé, wọn yóò fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló sì wà tó lè gbé wa dé Ẹ̀pẹ́ bá ọjọ́ náà, níbi tí a ti máa wọ mọ́tò.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, ọyẹ́ ti bo ojú ọ̀sà, ènìyàn kò lè rí ìdí ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ̀. Ìyá mi tó fẹ́ sìn mí lọ ti kó mi jókòó sórí pákó láti ìdájí. Àwa pẹ̀lú àwọn àlejò mélòó kan la jọ wà níbẹ̀: oníṣòwò aṣọ kan, ọkùnrin kan tó ń lọ gba ìtọ́jú ojú, àti àwọn tí mi ò mọ̀. Ojú ń tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi kọ ẹ̀yìn sí ìlú.

Mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Gbogbo wa rò pé ọkọ̀ gẹdú ni. Àfi bí nǹkan funfun kan ṣe yọ nínú kùrukùru, tó rọra fara ti èbúté. Ìyàwó ni. Oníkóòtù ló kọ́kọ́ fò bọ́ sílẹ̀. Ó ti bá ọ̀gá àgbà kan láti Èkó lọ wo àwọn èbúté ilẹ̀ Ìlàjẹ, wọ́n sì ń padà bọ̀. Ó gbé ìka kan lé ètè rẹ̀, ó ń wo gbogbo wa bí ẹni ń wo ọmọ tó ń sunkún.

“Ẹ rọra wọlé. Ẹ má pariwo. Ọ̀gá ń sùn.”

Bàbá Atukọ̀ yọ orí lójú fèrèsé. “Ọ̀gá Èbúté, ẹ jẹ́ n fọn ọ́n fún wọn báyìí. Àwọn ará ìlú ò mọ̀ pé a ti dé.”

“Mo ní ọ̀gá ń sùn! Ẹni tó bá fẹ́ wọkọ̀, kò yẹ kó ti wà níbí?”

“Ọ̀gá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ ibí kì í...”

“Ṣé èmi ni mo ń ṣàkóso èbúté yìí, àbí ìwọ?”

Mo di aṣọ ìyá mi mú. Mo ní, “Ìyé, Sìkírátù kò tíì dé.” Ìyá mi, tó bẹ̀rù omi, tó bẹ̀rù akọ̀wé, dìde lórí ẹrù rẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà Oníkóòtù. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ kan ń bọ̀, ilé-ìwé ló ń lọ. Ẹ jẹ́ kí wán fọn ọ́n.” Ó wò ó láti òkè délẹ̀. “Ìwọ àlejò yìí, èwo ló kàn ọ́?” Wọn kò já ẹrù lọ́jọ́ náà, wọn kò di ẹrù. Wọ́n tì wá wọlé bí ìgbà tí wọ́n ń kó ewúrẹ́, wọ́n sì tú okùn.

Ilé tí wọ́n ti ń yan ẹja wà ní ìpẹ̀kun ìlú, létí omi. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Kùrukùru ti ń tú díẹ̀. Mo rí i. Ó ti wọ aṣọ ilé-ìwé, ó so ìró àtijọ́ kan mọ́ ọn kí èéfín má baà bà á jẹ́, ó ń bá ìyá rẹ̀ yí ẹja sódì bó ti ń retí fèrè. Ó gbójú sókè. Ó kọ́kọ́ ju ọwọ́ sí ọkọ̀ náà, bí a ti máa ń ṣe sí ọkọ̀ gẹdú. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ó sọ ẹja nù, ó wọ inú omi bọ̀ títí omi fi dé ìbàdí rẹ̀, ó ń pe orúkọ mi. Kò pe ọkọ̀. Orúkọ mi ló ń pè.

Mo wó sí abẹ́ ìjókòó, mi ò fẹ́ wo ẹ̀yìn mọ́. Ìgbà tí a ti fi ìlú sílẹ̀ ni Bàbá Atukọ̀ tó ṣe ohun tí wọn kò rán an. Ó fa fèrè náà, ó gùn, ó gùn, bí igbe. Wọ́n mú un kúrò lórí Ìyàwó nítorí rẹ̀, wọ́n gbé e sórí Ìyálé kó lọ máa ru sìmẹ́ǹtì.

Fèrè tó fi àánú fọn yìí ni Oníkóòtù fi bo ara rẹ̀. Nígbà tí àwọn ará ìlú tó fẹ́ wọkọ̀ rọ́ wá sí èbúté pẹ̀lú ẹrù lórí, ó ní, “Ẹ ò gbọ́ fèrè ni?” Wọ́n ní àwọn gbọ́. Ó ní, “Kí lẹ wá ń bi mí?” Àwa tí a mọ òtítọ́ ti lọ, àlejò sì ni gbogbo wa. Nígbà tí wọ́n wá Sìkírátù àti bàbá rẹ̀ dé ilé wọn, wọn kò bá ẹnì kankan. Ni Oníkóòtù bá ní, “Ẹ ò rí i? Àlùfáà ti gbé ọmọ pamọ́.” Ìlú gbà á gbọ́, nítorí pé ohun tí wọ́n ti ń sọ tẹ́lẹ̀ náà nìyẹn. Títí di òní, bí ọmọ kan bá ń sá fún ẹ̀kọ́ ní Màkún-Omi, wọ́n á ní ó ń ṣe bíi Sìkírá tó sá fún ìwé.

Mo sọ ohun tí mo rí nígbà tí mo wálé fún ìsinmi. Wọ́n ní kí n pa ẹnu mọ́, pé ọmọdé kì í pe àgbà ní òpùrọ́. Mo pa á mọ́. Wọ́n ti fi àyè rẹ̀ fún ọmọ mìíràn ní Àgọ́-Ìwòyè, ọmọ náà ló sùn sí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ mi. Ọmọ dáadáa ni. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ fún sáà kan gbáko. Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo gbọ́ pé Sìkírátù ti lọ sílé ọkọ ní Efire.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí àwọn ọkọ̀ náà ṣe parí. Kò sí ìtàn ńlá kan níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì bàjẹ́, wọn kò rí irin-iṣẹ́ tí wọ́n á fi tún un ṣe. Ìjọba yí padà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè ta ló ni ọkọ̀. Títì ọlọ́dà dé, ó mú gbogbo ọ̀dọ́ gun mọ́tò. Nígbà tó yá, ewé kan tó ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò ya wọ ọ̀sà, ó bò ó bí ẹní, ọkọ̀ kékeré pàápàá kò rí ọ̀nà gbà. Ìránṣẹ́ lọ sí Èkó, kò padà. Wọ́n so Ìyàwó mọ́ èbúté títí koríko fi hù lórí rẹ̀. Pákó rẹ̀ di ilẹ̀kùn, ó di pẹpẹ ìyanja, bàbá mi sì fi díẹ̀ nínú rẹ̀ kan àga tí wòlíì wa ń jókòó sí. Ìyálé ló kú kẹ́yìn, bí ìyálé ti máa ń ṣe. Ní ti páànù tó wà lórí ilé èbúté, ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tó wà kó lọ wo òrùlé ilé Oníkóòtù. Kò tíì jò di òní.

Kí n tó kọ ọ̀rọ̀ yìí, mo ní kí wọ́n gbé mi lọ sí Efire. Èmi àti Sìkírátù ti máa ń pàdé ní ìnáwó kan tàbí òmíràn, a máa ń kí ara wa, a ò sì jẹ́ dárúkọ ọjọ́ yẹn rí. Mo bá a níwájú ààrò rẹ̀, ó ti di ìyá àgbà, eyín rẹ̀ kò pé mọ́, ó ń fi ẹja há orí igi.

“Háà! Bí ìyé ẹ lo ṣe rí gẹ́lẹ́. Ọ̀sán lo ní o ń bọ̀, o ti dé láàárọ̀. Àlejò!”

A rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un nípa èbúté àti orúkọ tí wọ́n fẹ́ kọ sí i. Mo ní ọkùnrin olùkọ́ yẹn sọ fún mi pé kí n má fi ìbínú kọ ọ́, pé Sìkírátù fúnra rẹ̀ ti gbà pé kádàrá ni.

Ó dá ẹja dúró lọ́wọ́. “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Kádàrá a máa wọ kóòtù?”

Mo rò pé a tún máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó tì mí. Ó wá sọ ohun tí mi ò mọ̀ rí fún mi.

Ó ní nígbà tí ọkọ̀ wa kọjá, bàbá òun jáde láti ibi tó ti ń kírun. Ó gbé àpótí òun sínú ọkọ̀ onígi, ó gbé òun náà lé e, ó mú àjẹ̀, ó ní, “Wọ́n á ya Ẹ̀pẹ́. A ó bá wọn níbẹ̀.” Ó ń wà á tẹ̀ lé wa. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fẹ́ kò ó lójú. Wọ́n ń rí èéfín Ìyàwó níwájú, ó ń kéré sí i, títí wọn kò fi rí i mọ́, kò dẹ́kun. Nígbà tí oòrùn yí, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó, ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn sára àjẹ̀. Ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó padà. Kò gbà. Ó bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí òun gba àjẹ̀. Kò gbà.

“Mo bá ní, ‘Bàbá, mi ò fẹ́ ìwé mọ́. Kò wù mí láti lọ tẹ́lẹ̀.’ Irọ́ ni mo pa. Ìgbà yẹn ló tó yí ọkọ̀ padà.”

Mo ní, “O ò wá sọ òtítọ́ fún Bàbá lẹ́yìn náà?”

“Ìgbà wo ni mo fẹ́ sọ ọ́, tí ọwọ́ wọn ò tíì jinná? Wọ́n gbà mí gbọ́ títí wọ́n fi kú. Nígbà tí wán ń bú wọn nílùú pé wọ́n gbé mi pamọ́, wọ́n kàn ń dákẹ́ ni, wọ́n sì ní kí ìyé mi náà má sọ̀rọ̀. Wọ́n rò pé bí àwọn bá sọ̀rọ̀, èmi ni ojú á tì.”

Mo bi í bóyá kí n kọ ọ́. Ó ní, “Kọ ọ́. Gbogbo dede àwọn tó sọ ọ́ ti kú, àwọn ọmọ wán ló ń sọ ọ́ báyìí.” Ó sì dìde lọ yí ẹja tó ti ń jó, ó wá bu ìkọ́kọrẹ́ fún mi.

Gbogbo nǹkan ti yí padà ní etí ọ̀sà wa. Kùkùté òpó díẹ̀ ló kù ní èbúté, àwọn ọmọ ìlú kò sì mọ ohun tí wọ́n fi ṣe. Ọmọ tó bá fẹ́ lọ sí Àgọ́-Ìwòyè á gun ọ̀kadà dé Abigi, á wọ mọ́tò, á sì dé kó tó rẹ̀ ẹ́. Inú mi dùn sí i. Mi ò sọ pé kí ayé àtijọ́ padà wá. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n omi kan náà ṣì wà níbẹ̀, ọyẹ́ ṣì ń bò ó, àwọn bàbá kan sì ṣì wà tí ìlú kò mọ ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá orúkọ tí ẹ ó kọ sára èbúté tuntun, ọkùnrin kan wà tó fi àjẹ̀ lé ọkọ̀ ìjọba láti àárọ̀ títí oòrùn fi yí, nítorí pé ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ kàwé. Àlùfáà Sàlámì ni wọ́n ń pè é.